Ẹja Mẹ́rin Tí Mo Dà Sínú Omi Abúlé Wa

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó fi jẹun, wọ́n ní kí n wá sọ ti tèmi fún yín. Mo ti darúgbó, iṣẹ́ ọ̀hún ti kúrò lọ́wọ́ mi, mi ò sì ní oníbàárà kankan tí mò ń bẹ̀rù mọ́, nítorí náà n ó sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹja ni mo fi ọjọ́ ayé mi tọ́jú. Kì í ṣe èyí tí à ń jẹ o. Ẹja inú gíláàsì ni, àwọn kéékèèké aláràbarà tí àwọn dókítà àti àwọn olùkọ́ yunifásítì máa ń gbé sí pálọ̀ láti máa wò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún bàbá mi pé iṣẹ́ tí mo fẹ́ kọ́ nìyẹn, ó béèrè bóyá ẹja náà ṣeé sè. Mo ní kò ṣeé sè. Ó ní kí wá ni wọ́n ń bọ́ ọ fún. Títí ó fi kú, mi ò rí èsì tó tẹ́ ẹ lọ́rùn fún un.

Abà Alákùrọ̀ ni wọ́n bí mi sí, lẹ́yìn ìlú Ìrókò. Àgbẹ̀ ni gbogbo wa níbẹ̀, mùsùlùmí sì ni ọ̀pọ̀ jù nínú wa. Odò kékeré kan ń ṣàn kọjá lẹ́yìn ilé, àwọn bàbá wa sì mọ ògiri amọ̀ dí i, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ki, omi wá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó tẹ́ lọ rẹrẹ. Ìsédò là ń pè é. Òun la fi ń bomi rin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, inú rẹ̀ sì ni ẹ̀gbọ́n mi Ràbíátù, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Kúdí, ti ń pa ẹpìyà tó fi tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wa kú.

Bí mo ṣe dé Ajíbọ́dé, ní ẹ̀gbẹ́ yunifásítì, kò gùn. Ẹnì kan mọ ẹnì kan tó ń wá ẹni tí yóò máa bá a pọn omi, mo sì lágbára nígbà náà. Ti owó tí mò ń gbà, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ó tó jẹun, ó tó rán ọmọ níléèwé, ó tán.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Bàbá Bánkọ́lé. Ó ti bá àwọn òyìnbó tọ́jú ẹja rí nígbà tí wọ́n ń kọ́ni ní yunifásítì, nígbà tí wọ́n sì lọ, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kì í pariwo, kì í sì rẹ́rìn-ín lásán. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń pọn omi fún un kí n tó fọwọ́ kan ẹja. Mo máa ń fa omi láti inú kànga, n ó dà á sínú dúrọ́ọ̀mù, a ó sì fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ méjì kí ó sinmi. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ọ̀gá á wá, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá mi orí, mo mọ̀ pé kí n dà á nù kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kì í sọ ohun tó gbọ́ nínú òórùn náà fún mi. Lóṣù kẹjọ, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ló fi bí a ṣe ń fi rọ́bà fa omi ìdọ̀tí jáde hàn mí. Ẹnu la fi ń fà á. Mo ti gbé omi ẹja mì ju bí mo ṣe lè kà lọ, ìyàwó mi sì máa ń sọ pé bóyá ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè sọ̀rọ̀ jù nílé. Ó kọ́ mi láti máa rẹ ewé fúrúùtù gbígbẹ sínú omi fún ẹja tó ń ṣàìsàn, kí omi náà lè pọ́n bí tíì. Ó kọ́ mi láti máa wá ekòló sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí n sì máa gé e wẹ́wẹ́ fún àwọn ẹja tí ẹnu wọn kéré. Gbogbo ìyẹn, mo gbádùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó le lé lórí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan, mo ń fọ gíláàsì kan, mo sì da omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sí gọ́tà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá wà nínú ilé, ó gbọ́ ìró omi náà.

"Làmídì, kí ló wà nínú omi tí o dà nù yẹn?"

"Ọmọ ẹja ni, sà. Méjì mẹ́ta péré. Ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rà wọ́n."

Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó ká sòkòtò rẹ̀, ó mú asẹ́, ó sì bọ́ sínú gọ́tà lójú gbogbo àwọn ará àdúgbò, bàbá tó ti ju ẹni ọgọ́ta ọdún lọ. Ojú tì mí, mo bọ́ sínú ẹ̀ náà. Láti àsìkò ìrun ọ̀sán títí di ìrun aláásárì ni a fi ń jọ ẹrẹ̀ gọ́tà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Márùn-ún la rí, bẹ́ẹ̀ èmi ti sọ pé méjì mẹ́ta.

Nígbà tí a jáde, ó ní, "Gọ́tà yìí ń lọ sódò. Odò yẹn ní ẹja tirẹ̀, ó sì ní àwọn tó ń jẹun nínú rẹ̀. Ìwọ ò mọ ohun tí èyí tó o dà síbẹ̀ máa ṣe fún wọn, èmi náà ò mọ̀ ọ́n, a ò sì lè kó o padà. Ẹja tí ẹnikẹ́ni ò bá fẹ́ mọ́, ọ̀dọ̀ mi ni kó o gbé e wá."

Ó wá fi ohun tí òun ń ṣe fún irú ẹja bẹ́ẹ̀ hàn mí. Tí kò bá rí ẹni tí yóò gbà á, á da omi sínú abọ́, á kán òróró kànáfùrù sí i, ẹja náà á sùn, kò ní jí. Á wá wa ilẹ̀ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, á sin ín. Ó máa ń ṣe é bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ gidi. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Lọ́kàn mi, mo máa ń sọ pé ọkàn ọ̀gá yìí mà le o.

Ọdún mọ́kànlá ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́ àti olùrànlọ́wọ́, kó tó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi. Iṣẹ́ náà ti yí padà lójú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, irin la fi ń ṣe igun gíláàsì, a ó fi pọ́tì lẹ̀ ẹ́, irin á dípẹtà, omi á máa jò sórí kápẹ́ẹ̀tì oníbàárà, oníbàárà á sì máa bú wa. Nígbà tí gọ́ọ̀mù sílíkóònù dé, a ju irin nù. Ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi náà dé, ṣùgbọ́n iná kì í dúró. Mo ti jókòó rí láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nílé oníbàárà, tí mò ń fi kọ́ọ̀bù bu omi sókè tí mò ń dà á padà, kí ẹja má bàa kú sínú omi tí kò ní atẹ́gùn. Lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀ ni bátìrì dé, lẹ́yìn bátìrì ni sólà. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí lónìí, apá yín ò ní ro yín tó tèmi.

Ẹja pàápàá yí padà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó oríṣiríṣi wá láti Èkó nínú ọ̀rá. Ọ̀kan wà nínú wọn tí à ń pè ní sọ́kà. Abẹ́ orí ni ẹnu rẹ̀ wà, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, yóò sì máa jẹ èérí aláwọ̀ ewé tó bá mọ́ ọn lára. Ara rẹ̀ le bí ara akíkà, ẹ̀gún sì wà ní lẹbẹ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá rà á, kò ju ìka lọ. Ohun tí àwa tí à ń tà á kì í sọ fún oníbàárà ni pé láàárín ọdún mélòó kan, yóò gùn tó apá ọmọdé.

Lẹ́yìn tí ọ̀gá mi ti kú, oníbàárà mi kan tí mo ti ń bá tọ́jú gíláàsì láti ìgbà pípẹ́ ránṣẹ́ pè mí. Màmá ni mo máa ń pè wọ́n. Opó ni wọ́n, ọkọ wọn ti ṣe olùkọ́ yunifásítì, àwọn ọmọ wọn sì ti wà lókè òkun tán. Wọ́n ní àwọn ọmọ ti ní kí ìyá wọn wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn, ilé ti tà, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọkọ̀ òfurufú. Mo ti rí ẹni gba àwọn ẹja kéékèèké. Sọ́kà mẹ́rin ló kù. Wọ́n ti tóbi jù, kò sẹ́ni tó ní gíláàsì tó gbà wọ́n.

Mo sọ fún Màmá pé n ó bá wọn wá nǹkan ṣe sí i. Wọ́n mọ ohun tí mo ní lọ́kàn, nítorí wọ́n mọ ọ̀gá mi.

"Làmídì, má pa wọ́n," wọ́n ní. "Mo dàgbà lójú wọn, àwọn náà dàgbà lójú mi. Bá mi fi wọ́n ṣe sàárà. Gbé wọn lọ sódò kan tó dára, kó o tú wọn sílẹ̀, kí Ọlọ́run lè mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ mi láyọ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ mùsùlùmí láàárín yín á mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe fún mi. Kirisitẹni ni Màmá, ṣùgbọ́n sàárà tí wọ́n dárúkọ wọ̀ mí lára. Láti tú ohun ẹlẹ́mìí sílẹ̀ nítorí ẹni tó ń rìnrìn àjò, ta ni yóò gbọ́ irú rẹ̀ tí yóò sọ pé kò dára? Mo rántí ọ̀gá mi. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀gá ò mọ sàárà. Kí n má parọ́ fún yín, inú mi tiẹ̀ dùn pé mo rí ohun tí mo lè fi borí òfin rẹ̀.

Mo gé orí kẹ́ẹ̀gì ńlá kan, mo kó ẹja mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú rẹ̀, mo gun ọ̀kadà lọ sí Abà Alákùrọ̀. Omi tó dára jù tí mo mọ̀ láyé ni ìsédò wa. Lẹ́yìn ìrun aláásárì ni mo lọ sí etí rẹ̀. Mo ní bísímílà, mo ṣe àdúà fún Màmá, mo sì rọra tẹ kẹ́ẹ̀gì náà sínú omi. Àwọn ẹja náà dúró díẹ̀ níbi tí omi ò ti jìn, wọ́n wá lọ. Orí mi wú. Mo rò pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú ohun rere tí mo ṣe lọ́dún náà. Nígbà tó yá, Màmá pè mí láti òkè òkun, wọ́n ní ìrìn àjò dára, àwọn ò gbàgbé mi.

Ní abúlé wa, ọjọ́ kan wà lọ́dọọdún, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú kí omi fà, tí gbogbo ilé máa ń bọ́ sínú ìsédò papọ̀ láti pẹja. Ṣáájú ọjọ́ náà, àwọn obìnrin nìkan ló ń dẹ ìgèrè níbẹ̀, níwọ̀nba. Ẹja tí a bá kọ́kọ́ pa lọ́jọ́ náà, ti àwọn opó ni. Èmi kì í pa ọjọ́ náà jẹ. Bí iṣẹ́ bá tilẹ̀ dí mi ní Ajíbọ́dé, n ó wá.

Ọdún kẹfà tàbí ìkeje lẹ́yìn sàárà náà ni àwọ̀n wọlé tí ó wúwo jù. A hó, a yọ̀, a fà á sókè. Ẹpìyà tó wà níbẹ̀ kò tó ẹ̀kúnwọ́ méjì. Ìyókù jẹ́ sọ́kà, dúdú, ẹlẹ́gùn-ún, wọ́n ti ya àwọ̀n sí wẹ́wẹ́. Ìyá Kúdí gbé ọ̀kan ní ìrù, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní àtẹ́lẹwọ́ wọn níbi tí ẹ̀gún ti gún wọn. Wọ́n gbé e wá síwájú mi lójú gbogbo èèyàn.

"Làmídì, ìwọ tó o fi ẹja ṣiṣẹ́, irú ẹja wo lèyí?"

Mo ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi. Mo wo ojú Baálẹ̀, mo wo ojú àwọn opó tó gbé abọ́ òfìfo dání.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," mo ní. "Mi ò rí irú ẹ̀ rí."

Ẹnì kan sọ pé, "Ta ló tún ń sin ẹja nítòsí ibí?"

Gbogbo ojú yí sí Zọ̀sú. Ègùn ni, ọmọlúàbí èèyàn, òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń gbé láàárín wa fún ọdún díẹ̀. Ó gba ilẹ̀ ní òkè omi, ó gbẹ́ kòtò mẹ́ta síbẹ̀, ó ń sin àrọ̀. Lọ́jọ́ náà, ó wà nínú omi títí dé ìtan, ó ń bá àwọn ìyá àgbà fa àwọ̀n.

"Àrọ̀ nìkan ni mo ń sìn," ó ní. "Ẹ wá wo kòtò mi."

Wọ́n lọ wò ó. Àrọ̀ ni wọ́n bá. Wọ́n ní ó ti kó ìyókù dànù ni, wọ́n ní nígbà òjò ni omi kòtò rẹ̀ ń kún wọ inú ìsédò. Baálẹ̀ ní kí wọ́n ya àwọn kòtò náà kí nǹkan burúkú yìí lè dáwọ́ dúró. Ìyá Kúdí ló kọ́kọ́ gbé ọkọ́, nítorí àwọ̀n tiwọn ló ya jù. Ẹnì kan fi ọkọ́ kan lé èmi náà lọ́wọ́. Mo gbà á. Mo ṣá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Omi kòtò ṣàn jáde, àwọn àrọ̀ ń jà lórí ẹrẹ̀. Ìyàwó Zọ̀sú ń ṣa wọ́n sínú ọpọ́n, kò sunkún, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Zọ̀sú kàn dúró. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti kó ẹrù wọn lọ. Èmi náà padà sí Ajíbọ́dé, mo ń fọ gíláàsì, mo ń bọ́ ẹja, mi ò lè wo sọ́kà lójú mọ́. Mi ò tà á mọ́. Kí ni ìyẹn fẹ́ ṣe fún ẹnikẹ́ni?

Sọ́kà ò dáwọ́ dúró. Ohun tí èmi mọ̀ tí àwọn ará ilé ò mọ̀ ni pé ẹja yìí máa ń gbẹ́ ihò sí ara amọ̀ láti yé ẹyin sí. Wọ́n ti gbẹ́ ògiri ìsédò wa bí afárá oyin. Nígbà òjò ọdún tó tẹ̀ lé e, lójú ọ̀sán, ògiri náà já níbi tó ti fúyẹ́. Omi tí àwọn bàbá wa sé lọ tán, ó sì gba orí ọgbà ẹ̀fọ́ lọ. Kò sẹ́ni tó kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo dé ilé, mo bá Ìyá Kúdí tí wọ́n ń ra ẹja oní-yìnyín lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan tó gbé e wá láti Mọ́níyà. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló ti ń pa ẹja fún gbogbo abúlé láti ìgbà tí mo ti gbọ́n. Wọ́n ní, "Ẹ̀sìn Ègùn yẹn ló ń jà. Zọ̀sú ló ṣépè fún wa kó tó lọ."

Ó máa ń dunni tí wọ́n bá purọ́ mọ́ni, ṣùgbọ́n irọ́ tèmi ti wá dàgbà kọjá èyí tí mo pa, ó ti ń bímọ lẹ́yìn mi.

Ọdún yẹn ni mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Àwọn èèyàn rò pé ọjọ́ orí ni. Mo wádìí ibi tí Zọ̀sú wà, wọ́n júwe ibì kan fún mi lápá Ọ̀nà-Ara. Mo bá a níbi kòtò ẹja ẹlòmíràn, ó ti di ẹni tí wọ́n ń gbà síṣẹ́. Ó gbé àga fún mi, ó bu omi fún mi. Mo kúnlẹ̀. Ó fẹ́ gbé mi dìde, mo ní kó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Mo sọ ti Màmá, mo sọ ti kẹ́ẹ̀gì, mo sọ ti ọjọ́ tí mo ní mi ò mọ̀ ọ́n, títí dé orí ọkọ́.

Ó mú àwọ̀n kan, ó ń tún un ṣe.

"Bàbá," ó ní, "ṣé wọ́n ti gbọ́ ní abà?"

"Rárá. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ wá bá."

"Kò yẹ kó jẹ́ èmi. Èmi ti mọ̀ látilẹ̀ pé èmi kọ́. Ẹ lọ sọ fún àwọn tí kò mọ̀."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ ẹja dára. Ẹ kọ́ ọ bó bá wù yín. Ẹ óò rí i pé ẹni tó ra nǹkan ẹlẹ́mìí á fẹ́ kí ẹ bá òun gbé e kúrò níwájú òun lọ́jọ́ kan, á sì fẹ́ kí ẹ ṣe é lọ́nà tí ọkàn òun máa fi balẹ̀. Ọkàn ọ̀gá mi ò le. Ó ń gba ohun tó korò sọ́wọ́ ara rẹ̀ kó má bàa kan àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí mo lọ bá Zọ̀sú, nígbà tí lèmọ́mù sálámà tán, mo dìde ní mọ́ṣáláṣí Abà Alákùrọ̀. Mo ní ẹja náà kì í ṣe ti Zọ̀sú. Mo ní èmi ni mo gbé e wá, mo sì mọ orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bi mí léèrè. Baálẹ̀ wo ilẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí sọ bí wọn ó ṣe lọ bẹ Zọ̀sú kó padà wá. Wọ́n lọ lóòótọ́, kò padà.

Nígbà tí mo jáde, Ìyá Kúdí wà níta lápá àwọn obìnrin, wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn lórí yanrìn. Wọn ò ní kí n dìde. Wọ́n tẹ́ ọwọ́ wọn méjèèjì síwájú mi, àpá ẹ̀gún ẹja náà sì wà níbẹ̀.

"Làmídì, ọwọ́ yìí ni mo fi tọ́ ọ," wọ́n ní. "Èmi ò mọ̀, ìwọ mọ̀. Ọwọ́ mi lo fi ya kòtò ọmọ ọlọ́mọ."

Wọ́n ká aṣọ wọn jọ, wọ́n sì kọjá lára mi lọ sílé.